Òórùn Àjà Kẹfà

Ọjọ́ tí ihò orí lífìtì há mọ́ ọ níkùn ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ di ohun ìgbàgbé níbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, Èdídí ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí kò sí èdídí tó dí ìgò rí bí ọkùnrin náà ṣe dí ihò yẹn.

Kí orúkọ náà tó dé, ọgbọ̀n ọdún gbáko ló ti fi ń tún lífìtì ṣe. Lífìtì ayé ìgbà yẹn kì í ṣe àpótí dídán tí ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bíi tòde òní. Ilẹ̀kùn onírin ló ní, èyí tí èèyàn máa ń fọwọ́ fà, tí yóò ké wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ kó tó pa dé; okùn rẹ̀ a sì máa kùn nínú ògiri bí agbo oyin. Èdídí gbọ́ èdè okùn. Á fi etí lé ògiri, á dijú, á ní, "Gíríìsì ni èyí ń fẹ́," tàbí, "Okùn kejì ti rẹ̀, kò ní pẹ́ já." Wọn á gòkè lọ wò ó, wọn á sì bá a bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn débi pé, tó bá wọ ilé tí kò ní lífìtì, ńṣe ló máa ń ṣe é bí ẹni pé àwọn onílé ò sí nílé.

Ṣùgbọ́n ikùn kì í gbọ́ èdè okùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé ìyá arúgbó kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, há sínú lífìtì láàrin àjà kejì sí ìkẹta. Bí wọ́n ṣe ń yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ń tún lífìtì ṣe yóò bọ́ sórí àpótí náà láti òkè, yóò ṣí ìdérí irin kan tó wà níbẹ̀, ihò kan yóò yọ tí kò fẹ̀ ju ìjókòó àga lọ, yóò sì gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tọ ẹni tó há. Èdídí ti ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ yìí, ẹsẹ̀ wọlé, itan wọlé. Nígbà tó kan ikùn, ikùn ní òun ò bá wọn lọ. Ó tì í, kò lọ. Ó fà á, kò bọ̀. Ó wá dúró gbagidi, ìdajì rẹ̀ lókè, ìdajì rẹ̀ nísàlẹ̀, bàtà rẹ̀ méjèèjì ń mì dirodiro níwájú ojú ìyá arúgbó.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà pè láti ìsàlẹ̀, "ṣé kí n fà ọ́ ni, àbí kí n tì ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan."

"Ṣebí ìwọ ni wọ́n ní ó ń bọ̀ wá gbà mí?"

"Èmi náà ni, Mà."

"Háà. Ta ló wá ń bọ̀ wá gba ìwọ?"

Àwọn méjì ló wá gbà á, pẹ̀lú agolo gíríìsì kan àti ẹ̀rín tí wọn ò rí dì mọ́nú. Kó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti dé ọ́fíìsì ṣáájú rẹ̀, orúkọ tuntun sì ti jókòó dè é lórí àga.

Ọ̀gá wọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ló lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: ní ogójì ọjọ́ sí i, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo ẹni tó ń tún lífìtì ṣe yóò gba inú ihò kọjá lójú òun, kí òun tó ka ení dé ogún. Ẹni tí kò bá lè kọjá kò gbọdọ̀ gun orí lífìtì mọ́. Inú ọ́fíìsì ni yóò jókòó sí, tí yóò máa gbé tẹlifóònù.

Tẹlifóònù! Èdídí ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kí etí tó ti ń gbọ́ èdè okùn láti ọgbọ̀n ọdún wá máa gbọ́ "Hẹ́lóò, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì! Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹrin, bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á yí padà. Kò yí.

Ibi tí ikùn náà ti wá kò fara sin. Ilé búrẹ́dì ló wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì wọn. Ní aago méje àárọ̀, ní aago mẹ́wàá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn oníbúrẹ́dì á ṣí ilẹ̀kùn ààrò, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á gba ojú fèrèsé wọlé bí àlejò tó mọ ilé. Èdídí lè ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, kó máa fọwọ́ nu ẹnu. Tí òórùn náà bá ti kàn án báyìí, á ti dìde. Búrẹ́dì mẹ́ta lójúmọ́, odindi-odindi, pẹ̀lú bọ́tà.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, òun ló sì ń tú ìbàdí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti tú u. Nígbà tí Èdídí gbé e wá lẹ́ẹ̀karùn-ún, obìnrin náà yí aṣọ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì fi lé e lọ́wọ́ padà.

"Olówó orí mi, aṣọ yìí ti tán nínú ara rẹ̀. Tí mo bá tún tú u, òwú nìkan lẹ ó máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́."

"Ṣé kí n wá jáwọ́ nínú oúnjẹ ni?"

"Ta ló ní kí ẹ jáwọ́? Mo ní kí ẹ jẹ́ kí oúnjẹ náà sinmi díẹ̀ lọ́wọ́ yín."

"Kì í ṣe ẹbi mi, ìyá ilé. Òórùn yẹn ló ń pè mí."

Obìnrin náà fi abẹ́rẹ́ gún ìrọ̀rí kékeré tó ń kó abẹ́rẹ́ sí, ó ronú díẹ̀. "Tó bá jẹ́ òórùn ló gbé yín wọ inú ihò yẹn, ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa òórùn. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní àjà kẹfà ilé àtijọ́ kan. Òróró olóòórùn ló ń pò: èyí tí ẹni tí kò rí oorun sùn ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, èyí tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ń fi ra ọwọ́. Yàrá rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ìgò kéékèèké ló to ara wọn dé òrùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́rùn. Láti ìgbà tí òbí wọn ti kú, obìnrin yìí ló tọ́ Èdídí dàgbà. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Èdídí gba lífìtì gòkè lọ́jọ́ náà, ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí tíṣà ti ní "ṣé kí n fà ọ́ ni", ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń to ìgò tó ti tò tẹ́lẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Ikọ́ ni." Ó yíjú padà. "Tí o bá gbóòórùn búrẹ́dì yẹn, kí ni ẹnu rẹ máa ń ṣe?"

"Omi ló máa ń yọ."

"Ojú rẹ ti rí búrẹ́dì náà ni?"

"Rárá."

"Ta ló wá sọ fún ẹnu?"

Èdídí ronú. "Imú ni."

"Ó dáa. Imú sọ fún orí, orí sọ fún ikùn, ikùn sọ fún ẹsẹ̀ pé ká máa lọ. Ìránṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí ọ láti ilé búrẹ́dì nìyẹn. Àwa náà á rán tiwa."

Ó mú ìgò olówùú aláwọ̀ ewé, ó kán ẹ̀kán méjì sórí aṣọ funfun pélébé: òróró mínìtì, ewé olóòórùn títutù. Ó fún èèpo ọsàn tútù lé e. Ó gbé e sí i nímú. Òtútù kan gba imú Èdídí wọlé, ó gba ọ̀fun, ó sì dé àyà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé tí wọ́n ti tì fún ọdún mẹ́wàá.

"Háà! Èyí dára o. Ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò fún mi, kí n máa gbé e kiri."

"Ooru àpò rẹ á bà á jẹ́. Ibí ni wàá ti máa wá fà á símú. Kí o tó lọ síbi iṣẹ́, ní ọ̀sán, àti nígbà tí o bá ń darí sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, má yẹ ọjọ́ kan."

"Ṣé ó máa yọ́ ọ̀rá yìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ìgò, ó wo ikùn rẹ̀, ó tún wo ìgò. "Mi ò sọ pé ó ń yọ́ ọ̀rá. Mo ní kí o máa wá."

Bí obìnrin náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í purọ́, ṣùgbọ́n á fi etí rẹ sílẹ̀ kó mú èyí tó wù ú. Etí Èdídí mú "yọ́ ọ̀rá" lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago méje ku díẹ̀, ó dé ìsàlẹ̀ ilé náà, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn lífìtì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Káàdì pupa kan wà lára ilẹ̀kùn náà: LÍFÌTÌ YÌÍ KÒ ṢIṢẸ́. MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Ìyá Aṣọ́lé, arúgbó tó ń mójú tó ilé náà, jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀.

"Ó ti kú láàárọ̀ yìí, ọmọ mi."

"Àná ni mo gùn ún! Ìyá, ta ló gbé káàdì kọ́?"

"Àwọn oníṣẹ́ ni."

"Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ mi ni."

"Ṣé ìwọ lo gbé káàdì kọ́?"

"Rárá."

"Ẹn-ẹ́n." Ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ.

Èdídí fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Òfin kan ṣoṣo tí kò ṣeé tẹ̀ lójú nínú iṣẹ́ wọn nìyẹn: ẹni tó ni káàdì pupa tí wọ́n gbé kọ́ nìkan ló lè mú un kúrò. Bóyá ọwọ́ olúwarẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ lókè níbẹ̀, ta ló mọ̀? Èdídí mọ ọkùnrin kan tí ìka rẹ̀ méjì bá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi òfin náà kọ́ àwọn tuntun, tí á máa na ìka sí wọn lójú. Ó wá wo káàdì, ó wo àtẹ̀gùn. Ogún ẹsẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan. Àjà mẹ́fà. Ọgọ́fà.

Ó sinmi ní àjà kìíní. Ó jókòó ní ìkejì. Ní ìkẹta, ó rò ó bóyá kó jẹ́ kí tẹlifóònù náà kúkú máa jẹ́ tòun. Nígbà tó dé òkè, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Má tíì fà á símú. Jẹ́ kí èémí rẹ balẹ̀ ná. Ó yá, díẹ̀díẹ̀. Fà á wọlé. Dá a dúró. Tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá."

Lẹ́yìn ìkẹwàá, ó fún un ní ife omi ńlá kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lífìtì yín kò ṣiṣẹ́ o. Orúnkún yín tó ń ro yín ńkọ́?"

"N kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde," ni èsì rẹ̀. Ó ń po òróró lọ.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, káàdì pupa ń bẹ lára ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Èdídí wà ní àjà kẹta, ó gbọ́ tí okùn kùn nínú ògiri. Ó kùn dáadáa, kò sí gíríìsì tó kù ú kù. Ó sáré sọ̀kalẹ̀. Káàdì ṣì wà níbẹ̀.

"Ìyá, mo gbọ́ ọ! Ó ń ṣiṣẹ́!"

"Àwọn oníṣẹ́ ló ń dán an wò."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí lífìtì kan! Aláìmọṣẹ́ pátápátá ni wọ́n. Ìyá, ẹni tó gbé káàdì yìí kọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i lọ́jọ́ kan. Etí ni màá fi fà á lọ síbi ògiri, á kọ́ṣẹ́ lọ́ranyàn!"

Ikọ́ kan gbé Ìyá Aṣọ́lé. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu. Èdídí, tínú ń bí, tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kìíní.

Nǹkan ń yí padà ṣá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò jókòó ní àjà kẹta mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dé ìkarùn-ún kó tó rántí pé èèyàn lè sinmi. Tí òórùn búrẹ́dì bá wọlé ní ọ́fíìsì, á mí wọlé díẹ̀díẹ̀, á dá a dúró, á tú u sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kó tó dé ìkẹwàá, òórùn náà á ti kọjá lọ bí àlejò tí kò bá ẹnìkan nílé. Búrẹ́dì mẹ́ta di méjì, méjì di ẹyọ kan, ẹyọ kan di èyí tó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín. Ìyàwó rẹ̀ fi okùn wọn ìbàdí rẹ̀, ó ta kókó sí i. Lọ́jọ́ tí kókó dé mẹ́rin, ó ń kọrin bó ṣe ń rán aṣọ iṣẹ́ náà padà sínú.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ò jẹ́ kó gbádùn.

"Èdídí, ta lò ń lọ rí lọ́sọ̀ọ̀sán tí o fi ń ta sánsán báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Èmi náà ní ẹ̀gbọ́n. Tèmi kì í rùn bí ọsàn."

"Ìyàwó mi mọ̀ sí i."

"Gbogbo ọkọ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀!"

Ẹ̀rín á gbalé. Ṣùgbọ́n tí Èdídí bá dá wà, ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó ti ṣe ihò kan sára páálí, kò fẹ̀ ju ìjókòó àga lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wọ inú rẹ̀ wò. Ó rò pé tí páálí bá lè há mọ́ òun, kí ni irin ò ní ṣe?

Ogójì ọjọ́ pé. Aago méje àbọ̀, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó ní kí òun fa mínìtì símú ní ìgbà ìkẹyìn kí òun tó lọ bá ọ̀gá. Bó ṣe ta ẹsẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ ilé báyìí, òórùn tí í máa dúró dè é ní àjà kẹfà ti sọ̀kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mínìtì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ìbọ̀sẹ̀ wà nílẹ̀, Ìyá Aṣọ́lé ká ọwọ́ lérí.

"Ọmọ mi! Ẹ̀gbọ́n rẹ ti há!"

"Ó há síbo?"

"Sínú lífìtì!"

"Lífìtì wo?"

"Èyí náà!"

Èdídí wo ilẹ̀kùn. Káàdì pupa wà níbẹ̀ bíi ti àná. "Èyí tó ti kú láti ogójì ọjọ́?"

Ìyá Aṣọ́lé wo ilẹ̀. "Kò kú, ọmọ mi. Kò kú rí."

"Káàdì yìí ńkọ́?"

"Tí mo bá ti rí ọ ní ìyànà, màá gbé e kọ́. Tí o bá ti lọ, màá mú un kúrò. Láàárọ̀ yìí náà, ẹ̀gbọ́n rẹ ti há, mo sì rí ọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, mo gbé e kọ́." Ó bú sẹ́kún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. "Gbogbo ilé yìí ló ti fọn nítorí tìẹ. Ọkùnrin àjà karùn-ún ti ń di bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ ihò ìkẹyìn, òun náà kúkú máa ń dé nígbà tí o bá dé!"

Kò sí àyè ìbínú. Èdídí ki orí mọ́ irin ilẹ̀kùn, ó pariwo sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Àbúrò mi, ṣé ìwọ nìyẹn?" Ohùn náà ti òkè wá, láàrin àjà kẹta sí ìkẹrin, ó há díẹ̀. "Páálí ìgò ni mò ń gbé bọ̀. Okùn rẹ̀ ló kọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ni lífìtì bá dúró. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yìí láti tú u. Ìgò mínìtì ńlá ti fọ́. Ojú mi ń ta mí, kò jẹ́ kí n mí dáadáa."

"Ẹ fi gèlè bo imú! Mò ń bọ̀."

Tó bá pe ọ́fíìsì, wákàtí kan ni wọ́n á fi dé. Ohun tó tọ́ ni kó gun òkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ, kó pa iná, kó gbé káàdì kọ́ síbẹ̀, kó tó wọlé. Ó na ọwọ́ sí káàdì pupa. Ọwọ́ tún dúró. Ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe eré.

"Ìyá, ta ló ni káàdì yìí?"

"Èmi ò mọ̀. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ti gbà á."

Èdídí yí i padà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi bírò ya òbìrí kan pẹ̀lú ẹ̀kán kan láàrin, àtẹ̀ka olóróró sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì tirẹ̀ ni. Káàdì tirẹ̀ ni! Ó gbàgbé rẹ̀ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tó wá bá a tún kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ṣe. Ogójì ọjọ́ ló fi ń bú ẹni tó ni káàdì. Ogójì ọjọ́ ló fi ń wá etí ara rẹ̀ láti fà. Nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, òun nìkan ni òfin gbà láyè láti mú káàdì yẹn kúrò.

Ó já a, ó sáré gòkè. Yàrá ẹ̀rọ wà lórí àjà kẹfà. Ó pa iná, ó gbé káàdì kọ́, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn pé òun kò sinmi níbì kankan. Kò tilẹ̀ mí gùlegùle. Ó sọ̀kalẹ̀ sí ìkẹrin, ó fi kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sórí lífìtì, ó gbé ìdérí.

Ihò náà wò ó. Òun náà wo ihò. Òórùn mínìtì rú sókè láti inú rẹ̀ bí èéfín. Ẹsẹ̀ wọlé. Itan wọlé. Ikùn dé ẹnu irin, irin fọwọ́ kan ikùn. Èdídí di irin mú. Ó mí wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó dá a dúró. Ó tú u sílẹ̀ títí tí kò fi ku nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ó bọ́ sínú lífìtì bí lẹ́tà tí wọ́n sọ sínú àpótí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí páálí, gèlè ní imú, omi ń dà lójú rẹ̀. "Káàbọ̀," ló wí, bí ẹni pé ó wá kí i nílé.

Èdídí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn páálí kúrò lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, ó fà á títí tó fi pa dé. Ó wá tẹ irin ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó di ẹnu ihò mú.

"Ṣé kí n tì ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kàn mí o!"

Ó gba ibẹ̀ jáde. Ó tún gun òkè, ó mú káàdì rẹ̀ kúrò, ó tan iná. Okùn kùn. Ó fi etí lé ògiri láìmọ̀: okùn kìíní dára, ìkejì dára. Ní àjà kẹfà, òun ló fa ilẹ̀kùn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a gbé páálí wọlé, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó bomi fún un láti fi fọ ojú. Ìgbà tí ojú náà mọ́ tán ló tó gbé káàdì sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Ẹ purọ́ fún mi."

"Irọ́ wo? Ìwọ bi mí rí bóyá lífìtì bàjẹ́?"

Èdídí ka ọjọ́ náà sẹ́yìn lọ́kàn. Lóòótọ́, Ìyá Aṣọ́lé lòun bi.

"Gbogbo òórùn tí mò ń fà símú láti ọjọ́ yìí, kò wá ṣe nǹkankan nìyẹn?"

"Tí mo bá ní kí o wá máa gun ọgọ́fà àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún mi, ṣé wàá wá?"

"Màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"O rí i. Imú ni mo so okùn mọ́, ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e." Ó fi gèlè nu ọrùn. "Búrẹ́dì tí o wá fi sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé àtẹ̀gùn ló gbà á lọ́wọ́ rẹ? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyẹn niṣẹ́ òórùn. Má gbé e fún àtẹ̀gùn nìkan."

Èdídí fẹ́ bínú díẹ̀ sí i, ó wá ìbínú náà títí, kò rí i. Ẹ̀rín ló bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín. Wọ́n rín títí tí ìgò fi ń gbọ̀n lórí pẹpẹ, bí wọ́n ṣe máa ń rín ní kékeré lábẹ́ aṣọ ìbora nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n sùn.

"Aago mẹ́wàá!" ni Èdídí ké lójijì.

"Gba lífìtì lọ!"

Ṣùgbọ́n ó ti dé àjà kẹta.

Ọ̀gá wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò pẹ̀lú aago lọ́wọ́, gbogbo wọn tò yí i ká láti wá wo èdídí tí yóò tún dí ìgò. "Ení," ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. "Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin..." Nígbà tó máa pe àrún, Èdídí ti wà nísàlẹ̀, ó ń bi wọ́n bóyá iye kan wà tí òun gbọ́dọ̀ dúró dè. Ariwo sọ. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀, torí ó ṣì wúwo. Ó fọn ni, kò di ìyẹ́.

Ọ̀gá dúró títí tí gbogbo wọn fi túká. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fa imú.

"Kí ló ń ta sánsán lára yín báyìí?"

"Mínìtì ni, ọ̀gá. Mínìtì àti èèpo ọsàn. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni."

Ọ̀gá rọra fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ níbi tí bọ́tìnnì kan ti ń jà láti má já. Láti ọjọ́ tó ti lẹ ìwé yẹn mọ́ ògiri, kò sí ẹni tó ní kí òun náà wá gba inú ihò kọjá, òun náà kò sì dábàá rẹ̀.

"Àjà kelòó lẹ ní wọ́n ń gbé?"

"Ìkẹfà, ọ̀gá."

"Kò burú. Mo lè yà níbẹ̀ lọ́la. Ilé náà ní lífìtì?"

Èdídí fi ọwọ́ kan káàdì pupa tó wà lápò rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá.

"Ó ní o, ọ̀gá," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ṣiṣẹ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó tó darí sílé, ó yà lọ́dọ̀ Ìyá Aṣọ́lé, ó sì dá káàdì padà fún un.